Baba Máfọwọ́kàn àti Ẹyin Dáínásọ̀

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, ènìyàn mẹ́rin ló wọ yàrá egungun dáínásọ̀, ẹranko ńlá ayé àtijọ́, ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Méjì nínú wọn ń wá ilé ìtọ̀. Àwọn aláṣẹ ní bí ìkànnì ayélujára tuntun kò bá ṣí kí ọ̀sán ọjọ́ kejì tó pé, àwọn yóò fi yàrá náà kó àga sí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọbìnrin tó ṣe ìkànnì náà gbé fóònù síwájú bàbá tó ń ṣọ́ yàrá. Ìka bàbá yìí ni wọ́n ní kó kọ́kọ́ kan ẹyin ojú ìkànnì kó tó lè ṣí. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló sì ti ń sọ fún àlejò láti ìgbà èwe rẹ̀, òun náà ni wọ́n fi ń pè é: Baba Máfọwọ́kàn.

"Baba, ẹyin dáínásọ̀ mẹ́ta rèé. Bí ọmọ ilé ìwé bá fọwọ́ kan ọ̀kan, á là."

"Ta ló ní kó fọwọ́ kàn án?"

"Èmi ni."

"Ìwọ tí wọ́n rán lọ sí yunifásítì."

"Àwòrán ni, Baba. Kò lè bàjẹ́."

"Gbogbo ẹni tó ba nǹkan jẹ́ níbí, bó ṣe kọ́kọ́ sọ nìyẹn."

Baba ní kó ya àwòrán okùn síwájú ẹyin náà. Ọmọbìnrin náà yà á. Baba bi í pé níbo ni àlejò máa gbé báàgì sí kó tó wọlé. Ọmọbìnrin náà ní ilé àlejò fúnra rẹ̀ ni. Baba ní ó dára, ṣùgbọ́n ta ló máa yẹ̀ ẹ́ wò?

"Aago mélòó lẹ máa ń ti ìkànnì náà?" Baba tún bi í.

"A kì í tì í."

"Lóru ńkọ́? Ta ló ń ṣọ́ ọ?"

"Kò sẹ́ni."

"Ohun tó ti wà kí ìran ènìyàn tó dé, ẹ wá gbé e síta mọ́jú láìsí ẹ̀ṣọ́. Ìwé yín ti pọ̀ jù."

Nǹkan ń họ ilẹ̀ gìrìgìrì lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí nìyẹn?"

"Àga, Baba. Wọ́n ti ń tò ó."

"Egungun ńkọ́?"

"Wọ́n á kó o sínú àpótí. Ẹ ò sì ní lè sọ fáwọn tó ń kó o pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án."

Baba fi ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ funfun tẹ ẹyin àkọ́kọ́. Kò mì.

"Kò dá mi lóhùn."

"Ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́."

"Mi ò bọ́ ọ rí níwájú egungun."

"Àga ń bọ̀, Baba."

Ó bọ́ ọ. Ó na ìka bí ẹni tó fẹ́ jí ìkókó lójú oorun. Ẹyin là. Ohun kékeré kan yọ orí, ó gbọn ara, ó yán.

"Ó ní ìyẹ́ lára."

"Irú rẹ̀ púpọ̀ ló ní ìyẹ́. Inú òkúta tí wọ́n ti wú wọn làwọn onímọ̀ ti rí i."

"Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣọ́ egungun yìí, kò sọ fún mi."

"Ẹ ò sún mọ́ ọn rí."

Baba wo egungun, ó wo fóònù. "Yọ okùn yẹn kúrò."

Ìkànnì ṣí. Ariwo àga dáwọ́ dúró. Ọmọbìnrin náà nawọ́ kó gba fóònù rẹ̀. Baba gbé e sẹ́yìn.

"Má fọwọ́ kàn án. Ó ṣì ku ẹyin méjì."

Ìwọ tí ò ń kà á lójú ìkànnì náà, ẹyin rèé níwájú rẹ, àwọn àga náà sì ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ. Fọwọ́ kàn án.