Okùn Ládiméjì àti Àwọn Adìyẹ Onírun Òwú

Ṣé ẹ mọ ohun tó gbé òwe yìí dé ẹnu àwọn àgbà, èyí tí wọ́n fi ń sọ pé adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ? Ẹ ń mi orí. Ẹ rò pé adìyẹ kan ló ṣáà fò, tó bà lé okùn aṣọ, tó sì tán síbẹ̀. Ẹ jókòó dáadáa. Adìyẹ inú òwe yẹn kò fò débẹ̀ rárá. Ènìyàn ló gbé e síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìyàwó ló sì fà á.

Ní abúlé Ìdí-Ayìn, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ládiméjì. Okùn ló ń lọ́ tà. Ẹ fún un ní èèpo igi tútù láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán, yóò ti sọ ọ́ di okùn tó lè fa màlúù jáde nínú ẹrẹ̀. Ó mọ iṣẹ́ náà, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n, èyí kejì yìí ló máa ń kó bá ènìyàn. Kò sí ìṣòro tí wọ́n gbé wá tí kò rò pé òun lè fi okùn yanjú. Bí eyín bá ń ro ọmọ aládùúgbò, Ládiméjì á ti máa wá okùn tín-ín-rín kiri.

Ìbídùn ni ọmọbìnrin tó fẹ́ fi ṣe aya. Ìbídùn náà fẹ́ràn rẹ̀, kò sì fi pamọ́. Ìyá Ìbídùn nìkan ló kù. Opó ni obìnrin yìí, ó sì ń sin irú adìyẹ kan tí kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn ní agbègbè náà. Ìyẹ́ wọn rí bí òwú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n, awọ ara wọn dúdú bí ìdí ìkòkò, irun sì bo ojú wọn débi pé wọ́n ń kọlu ògiri lọ́sàn-án gangan. Ìyẹ́ yẹn rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè gbé wọn fò. Ìyá fẹ́ràn wọn gan-an, ó máa ń jókòó bá wọn sọ̀rọ̀.

Nígbà tí Ládiméjì wá tọrọ ọmọ, Ìyá kò gba iṣu, kò gba ẹmu. Adìyẹ mẹ́ta ló gbé sínú agbọ̀n fún un.

"Bá mi sìn wọ́n títí màá fi wá wò wọ́n," ni ó wí. "Bí mo bá bá wọn nínú ìrọ̀rùn, a ó sọ̀rọ̀ ọmọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, màá kó adìyẹ mi, ọmọ mi á sì jókòó sílé."

"Ẹ ṣeun, Ìyá. Níbo ni kí n máa jẹ́ kí wọ́n sùn lálẹ́?"

"Má ṣe wàhálà kankan. Ibi tó bá wù wọ́n ni kí o jẹ́ kí wọ́n sùn."

Ẹ̀yin tí ẹ ti ní àna, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Ìgbà wo ni àna ní kí a má ṣe wàhálà tó sì dá a lójú pé a ò ní ṣe é? Àna tó ní òun ti yó, ṣé a kì í gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ ni? Ládiméjì jẹ́ ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa. Bó ṣe gbọ́ "má ṣe wàhálà" báyìí, ó ti mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé wàhálà gidi ni Ìyá ń retí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn adìyẹ wá igun ilé ìdáná lọ, níbi tí eérú ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọ̀kan gun ẹ̀yìn èkejì, ẹ̀kẹta ki orí bọ abẹ́ àwọn méjèèjì, oorun sì gbé wọn lọ. Bàbá Ọ̀pẹ́bíyìí, aládùúgbò tí kì í rí ọ̀rọ̀ kó má sọ, yọjú láti òdìkejì ọgbà.

"Ládi, adìyẹ àna rẹ ló ń sùn nílẹ̀ẹ́lẹ̀ yìí?"

"Ó jọ pé ibẹ̀ ló wù wọ́n, bàbá."

"Òkè ni adìyẹ ń sùn, ọmọ mi. Bí obìnrin yẹn bá bá wọn lórí eérú, á ní ibẹ̀ náà lo máa tẹ́ ọmọ òun sí."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ládiméjì lára. Ẹ̀rù bà á, nítorí ó fẹ́ràn Ìbídùn ju okùn lọ, ẹ sì ti mọ bó ṣe fẹ́ràn okùn tó.

Ó so okùn kan láti ara òpó ilé ìdáná dé ara igi ọsàn, ó sì ń gbé wọn lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ ti já bọ́ kí ó tó gbé èkejì. Èkejì di okùn mú. Okùn fì síwájú, adìyẹ fì síwájú. Okùn fì sẹ́yìn, adìyẹ tẹ̀lé e, títí ó fi yí po tó ń rọ̀ dirodiro bí àdán. Ẹ̀kẹta kò tilẹ̀ gbìyànjú. Ó rọra bọ́ sílẹ̀, ó padà sórí eérú rẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní ọ̀rọ̀ okùn kọ́ nìyí. Ládiméjì ní okùn yẹn ló tín-ín-rín jù. Ó lọ́ èyí tó nípọn bí ọrùn ọwọ́, ẹsẹ̀ adìyẹ kò ká a. Ó lọ́ òmíràn tó wà láàárín, ó fà á le débi pé òpó ilé ìdáná bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ bọ̀ wá sọ́dọ̀ igi ọsàn, síbẹ̀ adìyẹ ń jábọ́. Níkẹyìn ó rí i pé bí òun bá di ìdí okùn mú, tí òun ń fà á, tí òun ń dẹ̀ ẹ́, bí wọ́n ṣe ń mì, wọ́n máa ń dúró díẹ̀. Ló bá tú okùn kúrò lára igi, ó so ó mọ́ ìbàdí ara rẹ̀, ó sì fẹ̀yìn tì.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń dúró ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Àwọn adìyẹ kò sùn. Wọ́n ń gbọ̀n lórí okùn, wọ́n ń wo eérú láti òkè bí ẹni ń wo ilé bàbá rẹ̀ láti àjò. Okùn ń dún kíyẹkíyẹ, fọ́nrán rẹ̀ sì ń tú. Ìbàdí Ládiméjì bó. Àwọn adìyẹ jáwọ́ nínú ẹyin yíyé, gbogbo ilé sì ń rù lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni Ìyá dé pẹ̀lú Ìbídùn. Wọ́n kí ilé títí, kò sí ẹni tó jáde, ni wọ́n bá gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bá Ládiméjì níbi tó fẹ̀yìn tì sórí afẹ́fẹ́ lásán.

"Ẹ káalẹ́, Ìyá," ni ó wí, lórí ìdúró.

Ìyá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ìbídùn fi ọwọ́ bo ojú. Kí ẹni tó ń tọrọ ọmọ kí ìyá ọmọ lórí ìdúró! Ọ̀mùtí pàápàá kì í dán an wò.

"Ṣé ẹ̀yìn ló ń dùn ọ́ ni, Ládiméjì?"

"Rárá o, Ìyá. Okùn ni."

"Okùn wo?"

"Èyí tí àwọn adìyẹ yín ń sùn lé."

Ìyá gbé ojú sókè, ó rí wọn, ó sì tún wo Ládiméjì. Ìwò yẹn ni Ládiméjì kò lè fara dà. Ẹ̀kọ́ ilé ru bò ó lójú, ó gbàgbé okùn, ó yíjú sí Ìyá, ó sì na ara rẹ̀ gbọọrọ sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

Òpó ilé ìdáná, tó ti ń wá ẹni tó máa ràn án lọ́wọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, tẹ̀lé e. Òrùlé tẹ̀lé òpó. Okùn já, adìyẹ tí kò fò rí sì fò lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan bà lé gèlè Ìyá, ọ̀kan bọ́ sí àyà Ìbídùn, ẹ̀kẹta gba orí ọgbà kọjá, ó sọ̀ sínú oúnjẹ alẹ́ Bàbá Ọ̀pẹ́bíyìí. A gbọ́ ohùn bàbá láti òdìkejì.

"Ṣebí mo sọ pé òkè ni tiwọn."

Nígbà tí eruku rọlẹ̀, Ládiméjì ṣì dọ̀bálẹ̀, kò láyà láti dìde. Adìyẹ orí gèlè sọ̀ kalẹ̀, ó ń táràrà kiri, ó sì gun ẹ̀yìn rẹ̀. Ti Ìbídùn gun tẹ̀lé e. Ẹ̀kẹta gba ihò ọgbà wọlé pẹ̀lú ọbẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó ki orí bọ abẹ́ àwọn yòókù. Kíá, gbogbo wọn ti sùn lọ.

"Ìyá, mo ti ba ọ̀rọ̀ ara mi jẹ́," ni Ládiméjì wí sínú ilẹ̀.

"Má mira, wàá jí wọn." Ìyá jókòó sórí odó tó ṣubú. "Wọ́n rù. Ìwọ náà rù. Ta ló rán ọ níṣẹ́ yìí?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n má ṣe wàhálà."

Ìyá ṣí ẹnu, ó pa á dé, ẹ̀rín sì bú jáde lára rẹ̀. Ìbídùn kò tíì gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀ láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, inú rẹ̀ dùn débi pé omi lé sí i lójú.

"Tí ọmọ mi bá ní bí òun ṣe fẹ́ẹ́ gbé nìyí ńkọ́? Ṣé wàá gbé e gun okùn?"

"Rárá, Ìyá. Bó bá ṣe wí ni."

"Òun ni kí o sọ ọ́ fún."

Ládiméjì yí ọrùn nìkan, ó sọ ọ́ fún un.

"Mo gbọ́," ni Ìbídùn wí. "Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí n tú okùn yìí kúrò ní ìdí yín."

Bí wọ́n ṣe fún Ládiméjì ní ìyàwó nìyẹn, lórí ìdọ̀bálẹ̀, pẹ̀lú adìyẹ lẹ́yìn. Ilẹ̀ mọ́ kí ó tó dìde, kò sì sí àna tí wọ́n tíì dọ̀bálẹ̀ pẹ́ fún tó bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Ìyá ló sọ ọ́ dòwe. Ibi gbogbo tó bá jókòó sí ló ti ń wí pé: "Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ, ara ò rọ ọkọ ọmọ mi." Ṣé ẹ rí i, "ara ò rọ" mẹ́ta ló wà nínú òwe náà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, Ládiméjì dàgbà, ó di ẹni tí wọ́n ń pè sí ìgbìmọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè wo ojú rẹ̀ kó sọ apá ìkẹyìn. Wọ́n gé e kúrò fún ọ̀wọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi máa ń dákẹ́ díẹ̀, tí wọ́n á fi ọwọ́ nu ẹnu, bí wọ́n bá ti pa á tán pé: adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.