Ọkọ̀ Bàbá Mi àti Iye Tí Mo Pè É

Ọjọ́ kan wà tí mi ò lè gbàgbé láéláé, nítorí bí èmi bá tiẹ̀ fẹ́ gbàgbé rẹ̀, ìyàwó mi ò ní gbà. Ọjọ́ náà ni àwọn oníṣẹ́ fíìmù wá sí ẹnu ọ̀nà mi ní Ajárá, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ ya iná Kérésì mi, tí èmi tí mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò láti ogún ọdún ó lé, kò mọ iye tó yẹ kí n pè.

Kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ná. Owó fírísà ni mo fi ra iná náà. Ìyá Bísọ́lá, ìyàwó mi, ń ta ẹja, ó sì ti pẹ́ tó ti ń bẹ̀ mí pé ká ra fírísà, torí ẹja tí kò bá tà lójúmọ́, àfi kó yan án tàbí kó tà á ní ọ̀pọ̀. Mo ṣèlérí. Owó pé lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ tí mo gbéra láti lọ ra fírísà gan-an ni mo rí àwọn iná aláwọ̀ mèremère kan níwájú ṣọ́ọ̀bù kan, tí wọ́n ń ṣẹ́jú sí mi. Mo dúró. Mo ní kí n kàn wò wọ́n. Ẹ má bi mí léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọ̀kadà méjì ló bá mi kó páálí délé, kò sì sí fírísà nínú ìkankan wọn.

Mo so iná mọ́ òrùlé, mo so ó mọ́ igi àgbọn méjèèjì tó wà níwájú ilé. Àmọ́ àrà tó jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ọkọ̀ bàbá mi. Apẹja ni bàbá mi, ọkọ̀ tó fi ń pẹja lórí ọ̀sà ṣì wà lẹ́yìnkùlé wa láti ìgbà tó ti kú. Mo ní kí wọ́n bá mi gbé e wá síwájú ilé, a gbé e nàró, a dè é mọ́ òpó, mo wá fi iná wé e láti ìdí dé orí. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú tí mo bá tàn án, àwọn èèyàn á dúró lójú títì, wọ́n á la ẹnu sílẹ̀. Àwọn tó ń lọ sí Ìkòga pàápàá máa ń yà wá wò ó. Ìyá Bísọ́lá nìkan ni kì í wò ó. Tó bá jáde báyìí, á kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì, á ní, "Fírísà mi mà ń tàn o."

Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí wọra. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí ọmọbìnrin kan dé láti Èkó, tó dé fìlà, tó gbé ìwé dání, tó ní iṣẹ́ fíìmù ló gbé àwọn wá, ojú ẹsẹ̀ ni mo rí fírísà lójú ara mi.

"Ẹ káàsán sà," ó ní. "Ọkọ̀ yẹn ló wù wá. Ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè kan péré la fẹ́ fi yà á. Èló lẹ máa gbà?"

Mo ní kó padà wá lọ́jọ́ kejì. Èèyàn kì í ṣáà fi ìkánjú dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Mo pe ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀tọ̀ lórí fóònù. Ó ní, "Fíìmù kẹ̀? Àwọn yẹn lówó! Má pè é kéré o, wọn ò ní kà ẹ́ sí." Ìmọ̀ràn yẹn wọ̀ mí létí. Mo tún kọjá sọ́dọ̀ Bàbá Màùtín, Ẹ̀gùn kan tó ń ta àgbọn ní òdìkejì títì. Fofó ló máa ń pè mí, bí àwọn Ẹ̀gùn ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin. Ó wò mí, ó ní, "Fofó, ṣé tí wọ́n bá yà á, iná náà máa tán ni? Ẹ gba ohunkóhun tó bá wà lọ́wọ́ wọn." Mo rẹ́rìn-ín. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé abájọ tí ọkùnrin yìí ò fi kúrò nídìí àgbọn. Nígbà tí mo délé, Ìyá Bísọ́lá ò tiẹ̀ gbójú sókè nídìí ẹja tó ń fọ̀. Ó ní, "Ẹ bi wọ́n ní iye tí wọ́n mú wá."

"Ẹja lo mọ̀ ọ́n tà," mo ní. "Fi èyí sílẹ̀ fún mi."

Mo jókòó, mo mú bírò. Mo kọ owó fírísà sílẹ̀, mo kọ owó iná sílẹ̀, mo wá sọ gbogbo rẹ̀ di ìlọ́po méjì, nítorí mo mọ̀ pé wọ́n máa ná an. Lọ́jà tiwa níbí, ta ló ń pe iye tó fẹ́ gbà gan-an? Wàá pè é ga, oníbàárà á dá a sí ìdajì, á ṣe bí ẹni pé òun ń lọ, wàá jẹ́ kó gbé ẹsẹ̀ bíi mẹ́wàá, wàá wá ní, "Ó yá, padà wá, mú owó wá." Bí wọ́n ṣe ń ra ẹja nìyẹn, bí wọ́n ṣe ń ra ilẹ̀ náà nìyẹn. Mi ò rí ìdí tí fíìmù á fi yàtọ̀.

Ọmọbìnrin náà dé lọ́jọ́ kejì. Mo wúkọ́ díẹ̀. Mo gbójú sókè sí igi àgbọn bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ò kàn. "Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà," mo ní.

"Ó dáa sà. Ẹ ṣeun gan-an." Ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó yí padà, ó ń lọ.

Inú mi dùn. Mo ní ọmọ yìí mọ ọjà ná. Mo ń ka ẹsẹ̀ rẹ̀: ó di mẹ́rin, ó di mẹ́jọ, ó di mẹ́wàá. Ó wọ inú mọ́tò. "Ó ń ná an ni," mo sọ fún Ìyá Bísọ́lá tó yọjú lójú fèrèsé. Mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. "Ó máa padà." Lóòótọ́, mọ́tò náà yí padà. Mo tún ẹ̀wù mi ṣe. Ó kọjá níwájú mi, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà Bàbá Màùtín.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, wọ́n gbé kámẹ́rà kalẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà tí Bàbá Màùtín ń kó àgbọn sí, wọ́n sì dojú rẹ̀ kọ ilé mi tààrà. Mo fò kọjá títì.

"Bàbá Màùtín, iná mi ni wọ́n ń yà!"

"Fofó, iwájú ilé mi ni wọ́n dúró sí," ó ní, ó sì na àgbọn kan sí mi. "Ẹ mu omi àgbọn, ara yín gbóná."

Mi ò gba àgbọn. Mo padà sílé, mo wọ pálọ̀, mo sì pa iná. Gbogbo ìta ṣókùnkùn biribiri. Mo gbọ́ tí wọ́n pariwo "Háà!" lẹ́ẹ̀kan náà. Mo jókòó sínú òkùnkùn, mo ń rẹ́rìn-ín nìkan bí ọba.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Ìyá Bísọ́lá wọlé, ṣíbí ìdáná wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọ̀sán ló ti ń din ẹja, tó sì ń se ìrẹsì nínú ìkòkò ńlá. Èmi rò pé ti ṣọ́ọ̀ṣì ni.

"Bàbá Bísọ́lá, ta ló pa iná?"

"Èmi ni. Jẹ́ kí wọ́n wá ná ọjà."

"Èmi ni mo gba iṣẹ́ oúnjẹ wọn," ó ní. Ohùn rẹ̀ ò ga, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. "Tí wọn ò bá ya fíìmù tán, wọn ò ní san ìyókù owó mi. Fírísà mi ti wọnú iná lẹ́ẹ̀kan. Ṣé ẹ tún fẹ́ kó wọnú òkùnkùn ni?"

Mo tan iná kíá. Òrùlé tàn, igi àgbọn tàn. Ọkọ̀ ò tàn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ náà!" ọmọbìnrin onífìlà ké láti òdìkejì.

Mi ò rántí pé ṣòkòtò péńpé àti síńgílẹ́ẹ̀tì ló wà lára mi, àti pé ìdí ṣòkòtò náà ti gbó. Mo gbé àkàbà, mo gun ọkọ̀ bàbá mi lọ sókè bí ẹni tí wọ́n ń lé, mo ń fọwọ́ tẹ wáyà níkọ̀ọ̀kan. Lójijì gbogbo rẹ̀ tàn yòò mọ́ mi lára. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Èmi náà juwọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé kámẹ́rà ò dúró.

Lẹ́yìn tí wọ́n jẹun tán ni ọmọbìnrin náà sọ ọ́ fún mi, kò tiẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́talénígba ni àwọn mú wá fún mi lọ́jọ́ tí mo pe iye yẹn, nínú àpòòwé. "A rò pé ẹ ò fẹ́ ni sà." Iye tí mo fẹ́ gbà lọ́kàn mi gan-an nìyẹn. Mo rìn wọlé, mo jókòó, mi ò lè jẹ ìrẹsì.

Fíìmù náà ti jáde báyìí. Gbogbo Ajárá ló ti wò ó lórí fóònù. Ilé mi wà níbẹ̀, ọkọ̀ bàbá mi wà níbẹ̀, ó rẹwà débi pé omi bọ́ lójú mi. Èmi náà wà níbẹ̀, lókè àkàbà, ẹ̀yìn mi àti ìdí ṣòkòtò mi kedere. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ti wò ó ju ìwé ìṣirò wọn lọ. Fírísà sì wà ní kíṣìnnì. Owó oúnjẹ yẹn ni ìyàwó mi fi bẹ̀rẹ̀ sísan owó rẹ̀. Ó tún fi iná Kérésì kékeré kan wé e lórí, kí n lè máa rí i.

Mo ti kọ́gbọ́n. Oníbàárà tó bá fẹsẹ̀ rìn lọ lè padà, èyí tó bá ní mọ́tò, ẹ tètè pè é padà. Kérésì tó tẹ̀ lé e, àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan wá, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi fóònù ya eré lẹ́bàá ọkọ̀ mi, wọ́n bi mí pé èló ni. Mo la ẹnu. Ìyá Bísọ́lá wúkọ́ láti kíṣìnnì.

"Kí lẹ mú wá?" mo ní.

Wọ́n wo ara wọn. "Bísíkíìtì ni sà. Páálí kan."

Mo gba bísíkíìtì náà lọ́wọ́ wọn kíá, mo sì sáré lọ tan iná, nítorí mo ti rí Bàbá Màùtín tó ń juwọ́ sí wọn láti òdìkejì.