Bí Mo Ṣe Gba Ẹrù Ìyá Arúgbó ní Lisbon

Ọjọ́ Sunday kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí ewú á fi gba orí mi. Ìlú Lisbon, nílẹ̀ Portugal, ló ti ṣẹlẹ̀. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ láti Houston, tí à ń kọ́ṣẹ́ yíya àwòrán ilé, la lọ fi òpin ọ̀sẹ̀ wo àwọn ilé àtijọ́ níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n wa, ọkùnrin kúkúrú tí kì í rẹ́rìn-ín, ti kìlọ̀ pé aago méjìlá ọ̀sán ni bọ́ọ̀sì máa gbéra lọ sí airport, pé òun ò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Àárọ̀ Monday sì ni ìdánwò àṣekágbá wa. Ẹni tó bá pàdánù bọ́ọ̀sì yẹn, ó di ọdún tó ń bọ̀ kó tó gbàwé ẹ̀rí.

Ẹ gbọ́ ti màmá mi ná. Sugar Land, lẹ́bàá Houston, là ń gbé báyìí, nọ́ọ̀sì ni wọ́n, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Lọ́dọ̀ tiwọn, ọmọ tí àgbàlagbà bá gbẹ́rù kọjá lójú rẹ̀ tí kò gbà á, àbíìkọ́ ni.

Nítorí náà, nígbà tí mo rí ìyá arúgbó kan tó ń fa àpò gun àtẹ̀gùn òkúta ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, ara mi ò gbà á. Mo sáré tọ̀ wọ́n lẹ́yìn, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Mama, ẹ jẹ́ n bá yín gbé e," ní Yorùbá pọ́ńbélé, mo sì já àpò gbà. Igbe tí màmá náà fi bọnu! Èmi rò pé wọ́n ń ṣàdúrà fún mi ni. Mo tiẹ̀ ń ṣe "Àmín, àmín."

Wọ́n fa àpò, mo fà á, ìdí rẹ̀ ya. Ọsàn tú jáde, ó ń yí lọ sísàlẹ̀, ni mo bá gbá tẹ̀ lé e. Ẹ bá mi rò ó: géńdé ọkùnrin já àpò ìyá arúgbó gbà, ó tún wá ń sá lọ. Kí lẹ fẹ́ káwọn ará àdúgbò pè é?

Ọlọ́pàá méjì ló pàdé mi nísàlẹ̀, ọsàn mẹ́ta ní àyà mi. Nígbà tí màmá náà fi dé, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, mo rí i pé ẹ̀bẹ̀ nìkan ló kù. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. "Mama, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú!" Àwọn ọlọ́pàá wo ara wọn. Ó jọ pé wọn ò rí olè tó ń dùbúlẹ̀ kí wọ́n tó pàṣẹ fún un rí. Wọ́n kúkú dè mí lọ́wọ́ níbẹ̀.

Mo sunkún, mi ò ní parọ́. Ìwé ẹ̀rí ń lọ, màmá mi á sì gbọ́ pé ọmọ àwọn jí ọsàn.

Simi, tó ti ń wá mi kiri, ló yọ mí. Ọmọ kíláàsì mi ni, Houston ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ ò ju ti oúnjẹ àti èébú lọ. "Olódo!" ló kọ́kọ́ pè mí. Ó wá tẹ ọ̀rọ̀ sínú fóònù rẹ̀, fóònù túmọ̀ rẹ̀ sí èdè wọn, ó nà án sí màmá náà: nílé wa, ọmọ kì í wòran kí àgbà máa ru ẹrù.

Màmá kà á. Wọ́n tún un kà. Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní káwọn ọlọ́pàá tú mi sílẹ̀, wọ́n kó gbogbo ọsàn lé mi lọ́wọ́, wọ́n sì nàka sókè: ilé àwọn nìyẹn. Ṣebí èmi ni mo ní mo fẹ́ gbé e! Mo gun àtẹ̀gùn náà dé òkè téńté.

Aago méjìlá ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án nígbà témi àti Simi sáré dé ìdí bọ́ọ̀sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Mi ò dúró dè yín o," ni wọ́n wí, "ọkọ̀ ni ò tètè ṣiṣẹ́." Ọkọ̀ tá a ti ń gbọ́ bó ṣe ń kùn láti òkèèrè!

Màmá mi wá pàdé mi ní airport Houston, wọ́n gbé kúlà ìrẹsì dání. Mo ti gbọ́n. Mo dúró jẹ́ẹ́, mo ní, "Mummy, ṣé kí n bá yín gbé e?"

Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. "O tún ń bi mí? Ọjọ́ mẹ́ta péré lo lọ, o ti ya àbíìkọ́!"

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kéèyàn máa béèrè kó tó gbẹ́rù ẹlẹ́rù, àfi tó bá jẹ́ ti màmá mi. Mo gba kúlà. Ẹ̀rín ara mi ni mo ń rín títí a fi délé.