Ọkọ̀ Clifford Kì í Sanwó Orí

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ àìsàn tó ń ṣe Clifford Ogden, kí ẹ má baà rò pé mo ń purọ́ mọ́ ọn. Kò lè panu mọ́. Ohun méjì ló fi ń yangàn káàkiri ìlú Marsby létí òkun: ọkọ̀ Capri pupa rẹ̀ àti ọjọ́ orí ara rẹ̀. Ọkọ̀ náà, ó ní kò sí èyí tó pẹ́ tó o ládùúgbò. Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ó ní ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta péré lòun, ó sì ń pa irun orí rẹ̀ láró ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ kí ọ̀rọ̀ náà lè fìdí múlẹ̀.

Nítorí Glenys ni. Glenys, olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì, fi ọdún mẹ́sàn-án tọ́jú ọkọ rẹ̀ tó dàgbà jù ú lọ kí ìyẹn tó kú.

"Mo ti fọ eyín àtọwọ́dá tó láyé mi, Cliff," ló sọ fún un. "Ẹni tó bá ti lé lọ́gọ́ta, kó má kan ilẹ̀kùn mi."

Clifford rẹ́rìn-ín títí, ó wá rọra fi ahọ́n kan eyín tirẹ̀ wò. Ó ti ra òrùka pamọ́.

Nígbà tí oṣù Kẹrin dé, ìjọba ní àwọn ò gba owó orí lórí irú ọkọ̀ rẹ̀ mọ́, torí pé ó ti lé ní ogójì ọdún. Yéè! Ẹ ò bá rí Clifford! Ó sọ ọ́ nílé ọtí, ó sọ ọ́ nílé oògùn, ó sọ ọ́ níbi ìsìnkú. Norman, ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ àtijọ́, ló fà á létí.

"Wàá ṣì mú ìwé ọkọ̀ lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ o, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkọ̀ àtijọ́ ni. Bí o ò bá lọ, lójú tiwọn, gbèsè lo jẹ."

"Kí n lọ tò sórí ìlà kí n lè san òdo? Norman, ṣé orí ẹ pé? Ṣé o máa ń tò níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹja díndín láti ra èéfín?"

"Òfin ni mo sọ o."

"Òfin gan-an ń pè mí ní sà!"

Ní Sátidé kan nínú oṣù Kẹfà, ó gbé Glenys lọ wo àfihàn ọkọ̀ àtijọ́ létí òkun. Òrùka wà lápò. Wọ́n ra áísíkirimù, wọ́n ń rìn bọ̀ nídìí ọkọ̀, Clifford sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wí pé, "Glenys, ọ̀rọ̀ kan wà…" ni wọ́n bá rí irin ńlá kan tí wọ́n fi de táyà ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan dúró tì í.

"Ọ̀gá, ẹ ò tíì san owó orí ọkọ̀ yìí."

"Kí ló fẹ́ fi ṣe? Ọkọ̀ àtijọ́ ni!"

"Ẹ ò wá kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, sà."

Èrò ti ń pé jọ. Ká ní Clifford dákẹ́ ni, ì bá yọ. Ṣùgbọ́n ta ló bí i dáadáa tó máa dákẹ́ níwájú èrò?

"Ẹ wá gbọ́ o! Ọdún 1983 ni mo fowó iṣẹ́ ọwọ́ mi ra ọkọ̀ yìí ní tuntun! Èmi gan-an! Ẹnì kankan ò ni ín rí lẹ́yìn mi! Ìwé ẹ̀ rèé!"

Glenys dẹ́kun áísíkirimù lílá.

"Cliff, ọdún wo?"

"1983," ni Clifford wí, ohùn rẹ̀ ti ń kéré.

"Ọdún mọ́kànlélógójì sẹ́yìn nìyẹn. Ká yọ ọ́ kúrò nínú mẹ́rìnléláàádọ́ta." Áísíkirimù ń kán sí i ní bàtà. "Ọmọ ọdún mẹ́tàlá lo ra mọ́tò?"

Gbogbo èrò wo Clifford. Clifford wo táyà.

"Mo ga nígbà yẹn," ló wí.

"Owó iṣẹ́ ọwọ́ wo?"

"Mo máa ń pín ìwé ìròyìn láràárọ̀."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òṣìṣẹ́ ìjọba ṣubú. Nígbà tó rí èémí mí, ó ní kí Clifford sáré lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ kí wọ́n tó tì í lọ́sàn-án. Bọ́ọ̀sì kan ń bọ̀. Glenys bá a wọ̀ ọ́. Kì í ṣe ìfẹ́ ló gbé e tẹ̀ lé e o, ìṣirò tí kò tíì parí ni.

Glenys san pọ́n-ùn méjì. Ó kan Clifford. Ó fẹ́ sanwó, mo búra fún yín! Àmọ́ láti oṣù méje sẹ́yìn, gbogbo ọjọ́ Túsìdeè ni ọwọ́ rẹ̀ ń fa káàdì kan náà yọ nínú bọ́ọ̀sì yìí, ọwọ́ ò sì dúró bi í. Kó tó mọ̀, ó ti gbé káàdì lé ẹ̀rọ. Píì!

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, Bàbá Cliff!" ni awakọ̀ ké. "Sátidé lẹ jáde lónìí? Ẹ jókòó síwájú níbí, àyè àwọn àgbà ṣófo!"

Glenys gba káàdì náà, ó kà á. Káàdì ọ̀fẹ́ ni, èyí tí wọ́n ń fún ẹni tó bá ti pé ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin. Irun orí àwòrán inú rẹ̀ funfun báláú.

"Glenys, jẹ́ kí n ṣàlàyé…"

Glenys fọwọ́ méjèèjì di apá rẹ̀ mú, ó rọra gbé e jókòó síwájú bí ẹni tó mọṣẹ́ náà dunjú, ó bá a tún kọ́ọ̀tù rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn náà ló tẹ aago pé òun fẹ́ sọ̀kalẹ̀.

"Ẹ rọra jókòó, bàbá," ló wí. "Ọkọ̀ yín ò sanwó, ẹ̀yin náà ò sanwó. Nínú àwa mẹ́ta, èmi nìkan ni mo sanwó lónìí."