Fídíò Tí Mo Fi Kọ́ Àwọn Onílé Ní Bọ́ọ̀lù

Ọjọ́ Sátidé kan wà tó kọ̀ láti tán lọ́kàn mi. Títí dòní, bí mo bá rí tẹlifíṣọ̀n tí àwòrán inú rẹ̀ dúró gbagidi, àyà mi á kọ́kọ́ já ná, kí n tó rántí pé ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì nígbà náà, níbi tí mo ti kọ́ ìmọ̀ eré ìdárayá. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi sùn sórí ẹní lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi ní Iba kí n tó rí yàrá kan gbà ní Okokomaiko. Onílé mi ni alága ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò wa. Bàbá Alága ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n. Àwọn èèyàn ní wọ́n ti kó ẹrù ayálégbé kan síta rí nítorí pé ó kí wọn láìṣí fìlà. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òótọ́ ni, torí pé nínú ẹni mẹ́ta tó sọ ọ́ fún mi, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni irú fìlà tí kálukú dárúkọ. Ṣùgbọ́n mi ò dé fìlà kankan nínú ilé yẹn rí.

Ẹgbẹ́ onílé tiwa fẹ́ bá ti Ajangbadi gbá bọ́ọ̀lù. Bàbá Alága ránṣẹ́ pè mí.

"Wọ́n ní bọ́ọ̀lù lo kà ní yunifásítì."

"Kì í ṣe bọ́ọ̀lù nìkan, sà. Ó tún—"

"Ó ti tó. Kọ́ wa."

Mo ronú sí i dáadáa. Ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gbá, a kì í kọ́ wọn bákan náà. Mo bẹ ọ̀rẹ́ mi ti Iba, tó máa ń ya fídíò ìgbéyàwó, pé kó wá ya àwọn onílé náà níbi tí wọ́n ti ń dánra wò. Mo wá pín wọn sí kíláàsì mẹ́ta: àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá, àwọn tó ti gbàgbé, àti àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe to kásẹ́ẹ̀tì, kíláàsì kọ̀ọ̀kan á sì wá ní àkókò tirẹ̀. Ètò náà dára gan-an lórí ìwé. Wàhálà kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé kíláàsì kẹta ni Bàbá Alága wà. Àárín pápá ni wọ́n ní àwọn ń gbá, ṣùgbọ́n ibi tí bọ́ọ̀lù bá yí sí ni wọ́n ń sáré lé e, bí òròmọdìyẹ ṣe ń tọ ìyá rẹ̀.

Nígbà tí aago mẹ́rin lù lọ́jọ́ Sátidé náà, gbogbo kíláàsì ló dé lẹ́ẹ̀kan náà, tìyàwó tọmọ. Pálọ̀ Bàbá Alága nìkan ni tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ àti fídíò wà ní àdúgbò, ìròyìn sì ti kàn. Ìyá Rìsí, aládùúgbò wa, gbé àpótí ìjókòó àti ẹ̀pà tirẹ̀ dání.

"Tísà, ṣé ìjà wà nínú fíìmù náà?"

Kí n tó dáhùn, Bàbá Alága ti rí ìwé ọwọ́ mi. "Kíláàsì wo ni mo wà?"

Mo rí ẹní Iba lójú ẹ̀mí mi. "Ẹ wà nínú gbogbo rẹ̀, sà."

"Ó yẹ bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí. "Bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá."

Mo pinnu pé bí kíláàsì kejì bá ti parí, màá pa fídíò. Wáyà tó so fídíò mọ́ tẹlifíṣọ̀n kò dúró, bí n kò bá fà á díẹ̀, àwòrán á máa fọ́. Mo wé e mọ́ ọwọ́ ọ̀tún mi lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ń ṣàlàyé. Nǹkan ń lọ déédéé títí ẹnì kan fi bi mí ní ìbéèrè. Mo yíjú láti dá a lóhùn. Nígbà tí mo máa yíjú padà, Bàbá Alága ti kún ojú tẹlifíṣọ̀n.

Mo sáré tẹ bọ́tìnnì. Èyí tó ń dá àwòrán dúró ni mo tẹ̀, ó sì há. Ẹsẹ̀ Bàbá Alága wà lókè, ẹnu wọn là sílẹ̀, ojú wọn dì pa, bọ́ọ̀lù sì ti wà lẹ́yìn wọn lọ́hùn-ún. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Kò mira.

Mo rò ó pé kí n kúkú sọ ọ́ di ẹ̀kọ́. N kò ní dárúkọ, nọ́ńbà ara aṣọ ni màá pè. Níwọ̀n bí wáyà ti so ọwọ́ ọ̀tún mi, òsì ni mo fi mú ọ̀pá kan, mo sì nà án sí ojú náà gan-an.

"Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́jọ yìí. Kò sí ìdí kankan tó fi yẹ kó wà níbẹ̀."

"Nọ́ńbà mẹ́jọ wo?" ni Ìyá Rìsí pariwo. "Bàbá Alága nìyẹn! Àbí ijó ni wọ́n ń jó ni?"

Ẹ̀rín gba ilé kan. Bàbá Alága nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ọwọ́ òsì," ni wọ́n wí, jẹ́ẹ́jẹ́. "Nínú pálọ̀ mi."

Ìgbà náà ni mo tó wo ọwọ́ mi. Mo da ara mi délẹ̀ gbalaja. "Ẹ dárí jì mí, sà!" Mo ti gbàgbé wáyà. Bí mo ṣe dọ̀bálẹ̀, fídíò dìde lórí tábìlì, ó sì dọ̀bálẹ̀ tẹ̀ lé mi, ẹ̀gbẹ́ etí mi gan-an ló balẹ̀ sí. Ìṣubú náà tú bọ́tìnnì tó há, ṣùgbọ́n kì í ṣe àkókò tó yẹ kéèyàn sọ ìyẹn.

"Máa lọ sí yàrá rẹ."

Mo di ẹrù mi. Gbogbo ẹsẹ̀ tó kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń kà á. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Mo jáde tàpò tẹrù.

"Níbo lò ń lọ?" ni Bàbá Alága bi mí.

"Mo rò pé… ẹ fẹ́ kí n kó jáde, sà."

"Ta ló ní kó o kó jáde? Wọlé." Wọ́n wọlé tẹ̀ lé mi, wọ́n tilẹ̀kùn, wọ́n yọjú wo fèrèsé, ohùn wọn sì wálẹ̀. "Ẹsẹ̀ mi… ṣé bó ṣe máa ń rí nìyẹn lóòótọ́?"

Mo gbé e wò. Òótọ́ lè gba yàrá lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n irọ́ ló kó mi sí gbogbo èyí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bọ́ọ̀lù á sì ti kọjá."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Láti ìgbà tí mo ti ń gbá a, kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí. Kọ́ mi. Àmọ́ níhìn-ín o, èmi àtìwọ. Bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́, ìgbà yẹn lo máa di ẹrù."

Ìdérí ìgò ni mo tò sórí ibùsùn mi, òun ni mo fi kọ́ wọn, àràárọ̀, títí ọjọ́ ìdíje fi pé. Ajangbadi lù wá, méjì sí ẹyọ kan. Mi ò ní purọ́ pé Bàbá Alága ló fún wa ní gólì yẹn. Ṣùgbọ́n wọn ò kúrò ní àyè wọn, ọ̀dọ̀ wọn sì ni bọ́ọ̀lù náà ti kúrò. Lẹ́yìn eré, alága Ajangbadi bi wọ́n pé ta ló kọ́ wọn.

"Ayálégbé mi ni."

"Ẹ yá wa, kó wá kọ́ àwa náà."

"Ẹ lè mú un," ni Bàbá Alága wí. "Kìkì pé kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé tẹlifíṣọ̀n yín pa mọ́."

Ohun tí mo kọ́ ni pé ẹsẹ̀ nìkan kọ́ la fi ń pín àwọn èèyàn sí kíláàsì. Ojú tó ń tini wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àgbà tí kò bá sì mọ nǹkan, kọ̀rọ̀ ló yẹ ká ti fi hàn án. Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n yẹn lọ́jọ́ náà. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ wo ojú Bàbá Alága kí n tó yọ eyín.