Káríà Iṣu Lórí Mọ́tò Mákánjúọlá

Ẹjọ́ tó dé ààfin lánàá, ẹsẹ̀ kọ́ ló fi rìn wá, táyà ló fi yí dé. Baálẹ̀ lásán ni olórí abúlé wa lẹ́bàá Ago-Àmọ̀dù, ṣùgbọ́n ààfin là ń pe ilé rẹ̀, kí orí rẹ̀ lè wú, kí ó sì dá ẹjọ́ wa dáadáa. Mo ti jókòó síbẹ̀ kí wọ́n tó gbálẹ̀. Ìdí mi tóbi, ó yẹ kí n tètè gbàyè.

Mákánjúọlá, ará Ṣakí, ló pẹjọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò sì dìde, nítorí ẹni tó pè lẹ́jọ́ ni Ògúndèjì, bàbá Àtinúkẹ́, àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ta ní í wà lóòró pe àna rẹ̀ lẹ́jọ́? Inú iyẹ̀pẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ wà tó fi ń rojọ́.

"Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́ o. Bàbá mi, ẹ forí jì mí, ṣùgbọ́n ẹ ti ba ayé mi jẹ́!"

"Ṣàlàyé," ni Baálẹ̀ wí.

"Ẹ wò ó níta. Mọ́tò eré ìje ni, ti ayé àtijọ́. Igba péré ni wọ́n ṣe ní gbogbo àgbáyé, wọn ò ṣe irú rẹ̀ mọ́. Mo gbé e wọlé láti òdìkejì bọ́dà, mo tọ́jú rẹ̀ sí ọgbà àna mi, mo fi tápólì bò ó. Mo ní ọjọ́ tí mo bá tà á ni n ó gbé Àtinúkẹ́ níyàwó. Lọ́jọ́ Àìkú, olówó kan wá láti Èkó. Mo ṣí tápólì. Baálẹ̀! Wọ́n ti jó káríà, irin tí wọ́n fi ń ru iṣu, mọ́ ọn lórí! Wọ́n ti fi sípíríǹgì lọ́rì gbé e sókè! Wọ́n kọ SÙÚRÙ LÉRÈ sí i níwájú! Ọkùnrin náà di orí mú, ó padà sí Èkó. Bí àna mi ò bá dá a padà sí bó ṣe wà, kò sí ìgbéyàwó!"

Àtinúkẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó pòṣé débi pé adìyẹ sá.

"Ògúndèjì, o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Baálẹ̀. Àánú ọmọ yìí ló ṣe mí. Mọ́tò tó ń fàyà fà bí alángbá! Ìjókòó méjì, kò síbi ẹrù, òkúta kékeré lójú ọ̀nà, ó ti há. Ta ni yóò ra mọ́tò tí kò lè ru iṣu? Mo ní kí n bá a tún un ṣe kó lè tètè tà, kí ọmọ mi lè wọ ilé ọkọ."

"Bàbá," ohùn kan dáhùn láti ilẹ̀, "àwọn tó ń rà á kì í fi í ru iṣu!"

"Kí ni wọ́n ń fi í ṣe?" ni Ògúndèjì béèrè.

"Wọ́n ń wò ó ni."

"Wọ́n ń kín ni?" Baálẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga.

"Wọ́n á gbé e sínú ilé, wọ́n á máa nù ún, wọ́n á máa wò ó. Bó bá ti rìn jù, iye rẹ̀ á wálẹ̀."

Mo ní, "Ó tán! Èmi náà ti rìn jù nìyẹn. Abájọ tí kò sẹ́ni tó ń béèrè mi mọ́."

Wọ́n pe Jẹ́ẹ́dé, wẹ́dà tó ń bá wa jó irin.

"Mi ò rí mọ́tò yìí rí, Baálẹ̀."

"Ta ló jó káríà mọ́ ọn?"

"Èmi ni. Ṣùgbọ́n gíláàsì dúdú wà lójú mi."

Ògúndèjì gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Àti pé mọ́tò náà ò kúrò lábẹ́ tápólì rí!"

Misturat oníṣòwò gàrí fò dìde. "Kò kúrò kẹ̀? Ta ló ń bá mi kó gàrí bọ̀ láti Ìgànná? Bàbá Àtinúkẹ́, ẹ má purọ́ mọ́ mọ́tò! Èmi àti Ìyá Ìbídàpọ̀ la jọ há mọ́ra níwájú!"

Èmi ni Ìyá Ìbídàpọ̀. Gbogbo ojú yí sí mi.

"Ìyá, ẹ wọ mọ́tò yìí?"

"Baálẹ̀, àtiwọ̀ ò le. Àtijáde lẹjọ́. Ìdí mi rì sínú ìjókòó náà bí iṣu tó rì sínú ebè. Odindi agbo ilé ló hú mi jáde. Ìwọ Jẹ́ẹ́dé tó o ò rí mọ́tò rí, ta ló di ọwọ́ mi méjèèjì mú lọ́jọ́ náà?"

"Gíláàsì ṣì wà lójú mi, Ìyá."

Ògúndèjì pariwo, "Mò ń dán an wò fún oníbàárà ni!"

Baálẹ̀ nu ojú rẹ̀. "Ta ló kọ SÙÚRÙ LÉRÈ?"

"Èmi ni," ni Àtinúkẹ́ dáhùn. "Àbúrò mi ń rákòrò nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de ọkùnrin yìí. Àbúrò mi ti bímọ báyìí. Bó bá wá kí mi, mọ́tò ló ń nù. Lọ́jọ́ kan òjò ṣú, ó ní kí n sáré mú tápólì wá. Mo mú un wá. A fi bo mọ́tò. Òjò pa mí."

Baálẹ̀ húkọ́.

"Mákánjúọlá, kí ló mú mọ́tò yìí níyì?"

"Ó ṣọ̀wọ́n ni, Baálẹ̀. Igba péré."

"Nínú igba náà, mélòó ló ní káríà iṣu?"

Ó gbé ojú sókè nínú iyẹ̀pẹ̀. "Èyí nìkan."

"Àna rẹ ti sọ ọ̀kan nínú igba di ọ̀kan ṣoṣo láyé. O ṣì wà nílẹ̀, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ẹ ṣeun, bàbá," ni Mákánjúọlá wí, bí ẹni tó gbé àgbo kíkorò mì.

"Ó ku ẹyọ kan. Àtinúkẹ́ ńkọ́? Mélòó ni wọ́n ṣe irú rẹ̀?"

"Ọ̀kan, Baálẹ̀."

"O fi tápólì bo èyí tó jẹ́ igba, o fi èyí tó jẹ́ ọ̀kan sílẹ̀ fún òjò. Gbọ́ ìdájọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, wàá di iṣu ìdána sórí káríà yẹn, ìwọ fúnra rẹ lo máa wà á láti Ṣakí, jẹ́jẹ́, kí gbogbo ayé lè wò ó. Ṣebí wíwò ni wọ́n ń wò ó? Tápólì rẹ la ó ta bo àwọn àlejò. Ògúndèjì, ìwọ tó o fi mọ́tò onímọ́tò gbé èrò, ìwọ lo máa tì í bó bá kú lọ́nà. Ìyá Ìbídàpọ̀ á jókòó síwájú kí ọkọ ìyàwó má baà sá lọ. Bí oòrùn bá wọ̀ tí mọ́tò ò dé, ó di ilé adìyẹ Misturat."

"Bí mo bá tún há ńkọ́?" ni mo bi í.

"Wọ́n á gbé oúnjẹ yín wá bá yín nínú rẹ̀."

Mákánjúọlá dìde níkẹyìn, iyẹ̀pẹ̀ kún imú rẹ̀. Ó lọ bá Àtinúkẹ́. "Ṣé wàá dúró dè mí di Sátidé?"

"Di Sátidé, kò gbọdọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Mọ́tò ló wọ́n, Mákánjúọlá, ọkọ ò wọ́n."

Àtinúkẹ́ gba ọ̀dà lọ́wọ́ Jẹ́ẹ́dé. Nígbà tí wọ́n fi fà mí dìde lórí ìjókòó mi, ó ti pa LÉRÈ rẹ́ níwájú mọ́tò, ó sì ti fi TÁN rọ́pò rẹ̀.