Ọjọ́ tí Mo Wọṣọ fún Bọ́kẹ́ẹ̀tì

Òwúrọ̀ kan wà tí kì í kúrò lọ́kàn mi. Ọyẹ́ mú ní Ikosi lọ́jọ́ náà débi pé ètè mi là. Ọmọ mi Ràṣídì, tó ń fi fáíbà, aṣọ tí wọ́n fi okùn gíláàsì hun, ṣe nǹkan lẹ́yìn ilé wa, ti jí ṣáájú mi. Ọ̀gá kan ní Magodo ní kó ṣe ìlẹ̀kùn kan fún ilé jẹnẹrétọ̀ òun. Bó bá dára, Ràṣídì ni yóò ṣe gbogbo ìlẹ̀kùn tó kù. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló fẹ́ wá wò ó.

N ò rí irú iṣẹ́ yẹn rí. Ràṣídì tẹ́ aṣọ fáíbà sórí mọ́ọ̀dù tó fẹ́ fi yọ ìlẹ̀kùn, ó fi ọ̀rá bò ó, ó fi gọ́ọ̀mù dí etí rẹ̀ yíká. Ẹ̀rọ wá fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ títí ọ̀rá fi lẹ̀ mọ́ aṣọ. Ó ki ẹnu rọ́bà kan sábẹ́ ọ̀rá, ó ki ẹnu kejì bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ́síìnì, omi kíki tó ti po oògùn tó ń mú un le mọ́, ni rẹ́síìnì bá ń rìn lábẹ́ ọ̀rá fúnra rẹ̀! Mo lóṣòó tì í, mo ń wò ó bí ẹni ń wo ìgbín.

"Kí ló dé tó ń rìn jẹ́jẹ́ báyìí?"

"Òtútù ni, Màámi. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan o, mò ń lọ ra gọ́ọ̀mù sí i."

Lóòótọ́, n ò fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ṣé a kì í faṣọ bo ẹ̀kọ kó má bàa tutù ni? Mo mú ìró mi tó nípọn jù, mo fi wé bọ́kẹ́ẹ̀tì yíká. Inú mi dùn sí ara mi.

Kò pẹ́, èéfín ń jáde lára ìró. Bọ́kẹ́ẹ̀tì gbóná bí ìkòkò orí ààrò, bẹ́ẹ̀ ni kò sí iná níbẹ̀! Kí rọ́bà má bàa jóná, mo fà á yọ. Fùùù! Afẹ́fẹ́ gba inú rọ́bà wọlé, ó ń wú kúlúkúlú lábẹ́ ọ̀rá. Mo ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń pa ìdun.

Ràṣídì dé. "Màámi! Ta ló wọṣọ fún bọ́kẹ́ẹ̀tì?"

"Òtútù ń mú un ni."

Ó káwọ́ lérí. "Rẹ́síìnì tá a bá po púpọ̀ máa ń gbóná fúnra ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tún bò ó, ẹ ti gbé e kaná nìyẹn. Ká tó yọ rọ́bà pàápàá, a máa ń fún un lọ́rùn pa kí afẹ́fẹ́ má bàa wọlé!"

Ìlẹ̀kùn bàjẹ́. Mo gba fóònù, mo pe ọ̀gá náà fúnra mi: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wá lọ́la. Èmi ìyá ẹ̀ ni mo se ìlẹ̀kùn yín jóná."

Ẹ̀rín pa á. Ó ní òun gbà, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ po rẹ́síìnì díẹ̀díẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí ara tù ú. Ní tèmi, rẹ́síìnì tó kán sí ìró mi ti mú kó gan bí pákó, ó ń dá dúró ní kọ̀rọ̀ bí àlejò.

Lọ́jọ́ kejì, kí Ràṣídì tó ki rọ́bà bọ rẹ́síìnì, mo dẹtí yí ọ̀rá ká. Mo gbọ́ "sììì" níbì kan, mo fi gọ́ọ̀mù tẹ ojú ibẹ̀ pa. Nígbà tí ọ̀gá Magodo dé, ó kan ìlẹ̀kùn náà, ko-ko-ko, ó ní kí Ràṣídì wá wọn ìyókù. Ó wá yíjú sí mi.

"Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ se èyí náà?"

"Rárá o, sà. Èyí, mo jókòó lé ọwọ́ mi ni."